Ìjàpá Tí A Gbé Kọjá Odò Lọ́nà Ìgbòho

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìkòtún òde òní, ẹ bá mi yọ ìdajì ilé inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi igbó àti oko ẹ̀gẹ́ dí àyè wọn. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí èmi àti Ràfíù télọ̀ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ̀ mi kékeré, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá, ni a wọ̀.

Yàrá Ràfíù kọjú sí tèmi. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ bímọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìgbòho, àárọ̀ Sátidé sì ni ìsọmọlórúkọ. Ọmọ kẹta nìyí. Nígbà ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì, aṣọ ọdún tó ń rán fún àwọn oníbàárà kò jẹ́ kó lè lọ. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó ránṣẹ́ sí i: "Bí o kò bá tún wá, kí Èkó tó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi wá sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ." Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Èmi ní tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ara mi sì ti wà lọ́nà láti lo àgọ́ kánfáàsì kan tí mo rà lọ́wọ́ olùkọ́ wa òyìnbó nígbà tí mo wà ní yunifásítì.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni ìyàwó mi wí bó ti ń di búrẹ́dì àti ẹja díndín fún wa, "ẹ má lọ sọ ara yín di ẹran ìgbẹ́ o."

A gba Ẹ̀gbẹ́dá jáde sí Ìyánà Ìpájà, a kọjá Ọ̀tà, oòrùn sì yọ sí wa lára àwọn àpáta Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ la ti ra epo kún ọkọ̀. Nígbà náà, lítà kan kò tí ì tó náírà kan. Ní Ìsẹ́yìn, Ràfíù lọ kírun Jímọ́ọ̀, èmi jókòó sábẹ́ igi, mo ń jẹ ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀kọ tiwọn le ju ti Èkó lọ. Ewé rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀kọ Ìkòtún kan.

Lẹ́yìn Òkèhò, ọ̀dà tán. Ilẹ̀ pupa ló kù, ó sì ń gbọ̀n wá bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Igi ẹ̀mí àti òkìtì ọ̀gán nìkan là ń rí. Ní Ìkòtún, ojú ọ̀run kì í fẹ̀ ju àyè àárín òrùlé méjì lọ. Níbí, ó tẹ́ rẹrẹ débi tí a fi ń wo òjò tó ń rọ̀ sí oko ẹlòmíràn lọ́ọ̀ọ́kán.

Òjò yẹn náà ló bá wa jà. Nígbà tí a kọjá Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rì, ewé tútù wà lójú ọ̀nà. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ ohun tí ewé tútù ń sọ: rọra, wàhálà wà níwájú. A rọra títí a fi dé etí odò. Lọ́rì iṣu kan dúró síbẹ̀, àwọn èrò rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀.

"Afárá ti bá omi lọ," ni awakọ̀ lọ́rì náà wí, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sùúrù. "Omi á fà tó bá di ìdájí. Lọ́rì mi á là á kọjá. Àmọ́ ìjàpá tiyín yìí, omi á wọlé sí i lára."

Ràfíù ti ń bọ́ ṣòkòtò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n lúwẹ̀ẹ́ kọjá, kí n fẹsẹ̀ rìn ín."

"Pẹ̀lú odò tó ń bínú báyìí?" ni mo wí. "Ṣé o fẹ́ kí ọmọ di aláìníbàbá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni?"

Ó jókòó sórí òkúta.

Mo ta àgọ́ mi. Eku ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn èrò lọ́rì ń rẹ́rìn-ín: "Ilé kí lèyí? Ilé àparò?" Ràfíù kàn yọ abẹ́rẹ́ lápò, ó rán an. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn Fúlàní wá bá wa láti gáà wọn, ìyẹn abúlé tí wọ́n ń dó sí pẹ̀lú màlúù. "Sannu," ni wọ́n fi kí wa. Bí ẹní sọ pé ẹ kú o ni. Wọ́n gbé wàrà wá, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mẹ́ta náírà kan.

Ìyá kan nínú èrò lọ́rì, tó ń kó àwo lọ tà, bi Ràfíù ohun tó bà á nínú jẹ́. Ó sọ ọ́ fún un, gbogbo ibùdó sì ń gbọ́.

"Orúkọ wo lo fẹ́ sọ ọmọ ọ̀hún?" ni ìyá náà bèèrè.

"Háà, Ìyá, a kì í dárúkọ ọmọ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀."

"Àní kí o yọ́ ọ sọ fún mi."

"Tí mo bá yọ́ ọ sọ fún yín, Ìgbòho á ti gbọ́ kí n tó débẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ìkòtún.

Ní ìdájí, omi ti fà dé itan. Bàbá Sùúrù pàtẹ́wọ́: "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ká ṣòkòtò! Bàbá ọmọ kan ń lọ sílé." Wọ́n ti òpó gígùn bọ abẹ́ ọkọ̀ mi; èrò lọ́rì gbé apá kan, àwọn géńdé gáà gbé apá kejì, èmi náà gbé èjìká sí i.

"Ta ló ń rajò?" ni Bàbá Sùúrù ń ké.

"Ìjàpá ni!"

"Ta ló gbé e?"

"Àwa ni!"

Ìjàpá mi gun èjìká ènìyàn bí ọba, ó gòkè sí òdì kejì láìsí ìkán omi kan nínú rẹ̀. Ariwo ayọ̀ wa lé ẹyẹ lórí igi.

Nígbà tí a wọ agbo ilé ní Ìgbòho, àáfà ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bàbá ìyàwó sì ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ràfíù bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orókún: "Ẹ dákun, ẹ dúró! Mo ti dé!" Ìyàwó rẹ̀ fi gèlè bojú.

Kò pẹ́ ni fèrè lọ́rì dún. Bàbá Sùúrù àti gbogbo èrò rẹ̀ ya wọlé. "Ẹ má bínú," ni ìyá aláwo wí, "a gbé mọ́tò nítorí orúkọ yìí, a ò lè lọ láìgbọ́ ọ." Ẹnì kan nínú wọn ju owó sínú àwo omi, ó ní òun sọ ọmọ ní Abíọ́nà. Ìyá ìyàwó fèsì kíá: "Abíọ́nà kẹ̀? Inú yàrá la bí i sí, bàbá rẹ̀ ló sùn lọ́nà!"

Lẹ́yìn ẹ̀rín ni Ràfíù fi ẹnu sí etí ọmọ, ó yọ́ orúkọ sọ sí i, ó sì gbé ohùn sókè: "Fàtímọ́ Àbẹ̀kẹ́." Àwọn tó gbé ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Ọjọ́ Ajé la padà. Wọ́n ti tẹ́ pákó sórí odò. Mo ti máa ń rò pé àyè òfìfo ni ọ̀nà jẹ́ láàárín ìlú méjì. Ìrìn àjò yẹn kọ́ mi pé ìlú ni ọ̀nà fúnra rẹ̀: ó ní àgbà, ó ní ará, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pawọ́ pọ̀ gbé ẹni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a wọ Ìkòtún, gbogbo ará ilé jáde. Nígbà ọmọ méjì àkọ́kọ́, ẹnu oníṣẹ́ ni Ràfíù àti àwa ti jọ gbọ́ orúkọ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò tí ì pa ẹ́ńjìnnì tó fi yọ orí lójú fèrèsé, tó sì ń kígbe orúkọ ọmọ rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò.