Òdo Mẹ́ta Tí Verna Kọ Sílẹ̀

Láti aago márùn-ún ìdájí ni Verna Tollefsrud ti ń rìn ká ilé ìdáná bí adìyẹ tó ń wá ibi yé sí. Ó di okùn bàtà, ó tú u, ó tún un dì. Ọjọ́ tí àwọn ará ìlú máa ń pín ara wọn ká láti ka iye ẹyẹ tó wà lágbègbè nígbà òtútù ni. Ọdún kejìdínlógójì rèé tó ti ń ṣe olórí àwọn tó ń kà á ní apá àríwá adágún, láti ìgbà tó ṣì ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé. Àmọ́ òtútù mú obìnrin tí wọ́n jọ máa ń lọ, ó dá a dùbúlẹ̀. Ta ló wá yọ̀ǹda ara rẹ̀? Duane Kivela, aládùúgbò tí òun àti ẹ̀ ò kíra fún ọdún mẹ́ta gbáko! Ẹ ò rí nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ológbò ló dá a sílẹ̀. Ẹyẹ bíńtín kan wà tí wọ́n ń pè ní adé-wúrà. Kò ju àtàǹpàkò lọ, orí igi páìnì gíga ló ń gbé, igbe rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Verna máa ń ka mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lójijì, òdo. Ọdún kejì, òdo. Ọdún kẹta, òdo. Ọdún òdo àkọ́kọ́ ló ti fìbínú kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìlú pé ológbò Duane ti pa wọ́n jẹ tán. Ìlú kékeré, ta ni ò kà á?

"Ṣé ológbò mi náà ló ń gun páìnì nínú òtútù yìí?" Duane bèèrè bó ṣe ń wa ọkọ̀.

"Wojú ọ̀nà, jàre."

"Mo ń wò ó. Ìwọ ni ò lè jókòó jẹ́ẹ́."

Wọ́n dúró sábẹ́ àwọn páìnì. Verna gbé awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, ó gbé e sọ̀, ó wo aago. Ó ti rí ẹyẹ àkókó kan, ó fẹ́ máa lọ.

"Kí ló ń ké yìí?" ni Duane wí.

"Níbo?"

"Lórí wa níbí! Sí-sí-sí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n pọ̀ o. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Verna ká fìlà kúrò létí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé awò sókè. Ẹ̀ka kan mì, orí kan yọ tó ní ìlà pupa rúsúrúsú láàárín. Òmíràn yọ. Adé-wúrà mẹ́rìnlá ló kà. Ẹyẹ ò lọ ibì kankan, etí òun ló ti lọ.

"Duane, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Èmi kẹ̀? Ológbò mi ni kó o lọ bẹ̀."

Ara Verna ò balẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Tó bá kàn pe mẹ́rìnlá níbi tí wọ́n ti ń ṣàkójọ iye lálẹ́, wọ́n á ní ẹyẹ ti padà, ó parí. Tó bá sọ òótọ́, ta ló máa fi apá àríwá sílẹ̀ fún olórí tí etí rẹ̀ ò gbọ́ ohùn ẹyẹ mọ́? Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ. Kí ló tún kù tó fẹ́ máa fi ìgbà òtútù ṣe?

Lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo àwọn tó ka ẹyẹ pé sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń lá ọbẹ̀ ẹ̀wà ẹlẹ́ran. Orrin, akọ̀wé wọn, ń pe orúkọ ẹyẹ, àwọn olórí ń dáhùn.

"Adé-wúrà! Apá àríwá?"

"Mẹ́rìnlá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kó jókòó, kò jókòó.

"Wọn ò fìgbà kan lọ," ló wí. "Duane ló gbọ́ wọn, èmi ò gbọ́ wọn mọ́. Òdo mẹ́ta tí mo kọ yẹn, ẹ fagi lé e. Ológbò rẹ̀ ò mọwọ́mẹsẹ̀."

Orrin fagi lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá rọra bèèrè ẹni tó máa mú apá àríwá lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó wojú Verna. Ó yọ àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ tó ti gbó nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì fún ẹni tó bá máa gbà á. Ó dùn ún wọra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Duane fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Verna. Verna wọ ọkọ̀, Duane wà á dé abẹ́ páìnì, ó yí gíláàsì wálẹ̀.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké," ló wí.

Verna kó ọwọ́ lé itan, ó jókòó jẹ́ẹ́.

"Tí wọ́n bá dákẹ́," ló ní, "kó o sọ fún mi."