Ajá Tó Gbọ́ Faransé

Faransé ni Tàńtí mi, àbúrò ìyá mi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, fi ń pàṣẹ nílé wọn ní Dowa. Nàgó, Yorùbá ilé wa, ti ẹni tó bá ń sunkún ni. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé dàgbà; bí mo bá ti gbọ́ Nàgó lẹ́nu wọn, mo mọ̀ pé wàhálà ti tán.

Faransé nìkan ni ajá wọn gbọ́. Láràárọ̀, wọ́n á pàṣẹ pé, "Debout!", ajá á sì fò dìde bí ṣọ́jà.

Nígbà tó darúgbó, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọṣẹ́, dókítà ẹran ní kí a gún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ láìjẹ̀rora. Tàńtí kọ̀. "Ṣebí ó ṣì ń dìde."

Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n pàṣẹ. Ajá fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò gbójú kúrò lára wọn.

Tàńtí kò pàṣẹ náà mọ́. Ohun tí mo fi gba tiwọn nìyẹn: bí wọ́n bá ti rí òótọ́, wọn kì í bá a jiyàn.

"Kò lè dìde mọ́," ni wọ́n sọ fún mi. "Kò kàn fẹ́ já mi kulẹ̀ ni. Pe dókítà."

Nígbà tí dókítà dé, Tàńtí, tí kì í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n gbé orí ajá lé itan.

"Ó tó, ọmọ mi," ni wọ́n sọ fún un ní Nàgó. "Sinmi."

Abẹ́rẹ́ kò tíì kàn án tó fi mí kanlẹ̀, tó sì jọ̀wọ́ ara.