Kọ Tí Theophilus Wí

Ní Fante New Town, ní Kumasi, lọ́dún 1995, bí rédíò bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́, Theophilus Ọláníyọnu ni wọ́n máa ní kó o gbé e lọ bá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kumasi. Ta ló máa wò ó tó máa mọ̀ pé gìtá ọwọ́ rẹ̀ ti mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gbàgbé ìdánwò rí? Áà, ayé ti jẹ́ ayé rí o.

Nígbà náà, irun rẹ̀ kún dé èjìká, ṣòkòtò rẹ̀ ń gbálẹ̀. Àṣà ọ̀hún ti kọjá lọ níbi gbogbo, òun nìkan ni kò gbọ́. Orin rọ́ọ̀kì ló ń lù, irú èyí tó máa ń gùn bí ọ̀nà Tamale, tí gìtá á máa sunkún, tí òòyì dùùrù á máa kọ́ni lójú bí ẹni tó mu oògùn ibà láìjẹun. Àwọn alàgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi ní orí rẹ̀ ti yí. Irọ́ ni, orin ló gbà á lọ́kàn.

Lọ́dún 1986, Rachael àbúrò rẹ̀ fẹ́ bá ọkọ lọ sí Nàìjíríà. Bí ọmọ yẹn bá kọrin, ẹni tó ń bínú á rọ̀. Àpínkẹ́, ìyá wọn, pe Theophilus, ó ní kó gba ohùn Rachael sílẹ̀ fún òun kó tó lọ, torí òun ò mọ̀ bóyá ojú àwọn tún máa rí ara wọn. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Theophilus bá jókòó, ó hun orin kan. Dùùrù Akua, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, ni yóò ṣí i, ohùn mẹ́rin tí á máa yí po, kí Kojo onílù wọn tó fi ìlù wọlé. Theophilus á kọ ẹsẹ méjì, gìtá á gbà á, á máa rìn gbéregbère. Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ á dákẹ́, Rachael á sì dá kọ oríkì ìyá wọn títí orin á fi parí. Ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n fi í sí.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n lọ gbà á sílẹ̀ ní Ayigya, nílé ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ. Téèpù ṣọ̀wọ́n bí ojú lásìkò yẹn. Ẹyọ kan ló kù, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú. Onílé ti wọ aṣọ dúdú tí yóò fi lọ sí ìsìnkú, ẹ ṣáà mọ Sátidé Kumasi. Ọkọ Rachael náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù.

Orin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gìtá rìn dé ibi tó yẹ kó ti dúró, Theophilus kọjú sí Rachael, ó ní, "Kọ!"

Yorùbá ló sọ. Ṣùgbọ́n Twi ni Kojo gbọ́, "kɔ" sì ni "máa lọ" létí tirẹ̀. Ohun tó ti ń retí látàárọ̀ nìyẹn! Ó ki ọwọ́ ki ẹsẹ̀ bọ ìlù, Akua sì gbá tẹ̀ lé e. Rachael pa ẹnu dé, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Theophilus lè dá wọn dúró. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìlù yẹn ò gbé e rí látọjọ́ tó ti ń ta gìtá. Ó di ojú, ó bá wọn lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbáko. Ìgbà tó lajú, ó gbọ́wọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́. Rachael mí kanlẹ̀ láti kọrin. Àfi pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, téèpù ti tán.

Onílé ní òkú ń dúró. Ọkọ ní mọ́tò ò ní dúró. Rachael dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó lọ.

Dòní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì máa ń wá béèrè orin náà. Wọ́n á ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti kọrin yẹn ló dùn jù. Á ní ẹ ṣeun. Kì í sọ ti ọjọ́ Àìkú fún wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ọjọ́ kejì tí wọ́n gbà á sílẹ̀, Àpínkẹ́ gbọ́ téèpù náà látòkèdélẹ̀, gèlè ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí rẹ̀. Theophilus ti to ẹjọ́ Kojo àti èdè Twi sẹ́nu.

"Ọláníyọnu, kí ló dé tí àbúrò ẹ ò kọrin?"

Theophilus gbé ẹjọ́ Kojo mì.

"Ó dùn mọ́ mi ni, Màmá. Mo gbàgbé rẹ̀."

Ìyá bi í bóyá Rachael ló mí lópin yẹn. Ó ní Rachael ni.

"Dá a padà síbẹ̀."

Ó dá a padà. Títí ìyá fi jáde láyé, ibẹ̀ nìkan ló máa ń ní kó tẹ̀ fún òun.