Òwú Pupa Etí Aṣọ

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin yìí ò ríran dáadáa, irọ́ gbáà ló pa. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi dúró nídìí tábìlì gígùn kan nílé-iṣẹ́ aṣọ, tí iná funfun ń tàn lábẹ́ gíláàsì, tí aṣọ ń kọjá lórí ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Tí òwú kan ṣoṣo bá já nínú ọgọ́rùn-ún yáàdì, yóò rí i. Á mú ẹfun nínú àpò, á fa àmì sí i, á ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó hun ún. Ojú-ò-tàsé ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ a máa ní ọkọ ẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹun níta, torí ìyàwó ẹ̀ á rí hóró iyọ̀ kan létè ẹ̀ kó tó wọlé.

Òun náà ló dábàá òwú pupa. Nígbà tí ayédèrú kún ọjà, ó lọ bá máníjà, ó ní kí wọ́n máa hun òwú pupa kan mọ́ etí aṣọ, kí oníbàárà lè dá tiwọn mọ̀. Máníjà pè é síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ọmọ ilé-iṣẹ́ gidi nìyí. Orí obìnrin náà wú. Ta ni orí ẹ̀ ò ní wú?

Ṣùgbọ́n aṣọ òkèèrè ṣì ń wọlé bí eéṣú, owó ẹ̀ sì kéré ju ti tiwọn lọ. Kò pẹ́ tí ìdajì ẹ̀rọ dákẹ́. Máníjà bá tún ránṣẹ́ pè é.

"Ìyá wa," ó ní, "àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ tiyín ju tèmi lọ. Ẹ bá mi kó wọn jọ, ká kọ̀wé síjọba."

Ojú ewé méjì ni ìwé náà. Ojú-ò-tàsé dúró lórí àga, ó ka èkíní fún àwọn òṣìṣẹ́ ketekete: kí ìjọba bu owó bodè gọbọi lé aṣọ òkèèrè, kí àwọn ilé-iṣẹ́ lè rọ́wọ́ mú, kí wọ́n sì máa ra òwú àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí. Èkejì ńkọ́? Máníjà ní àlàyé lásán ló wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí ló ṣe pàtàkì. Ojú-ò-tàsé ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àwọn irínwó yòókù tò sẹ́yìn ẹ̀, torí pé ojú tí kì í tàsé ti rí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọkọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin lóko. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kúrò nílé ìwé láìtíì mọ̀wé kà nígbà tí bàbá wọn kú, kí àbúrò ẹ̀ lè kàwé. Ó ti pẹ́ tó ti pa òwú tì, àgbàdo ló gbìn, àgbàdo náà sì ti ga tó orúnkún.

"Ẹ pa dà sídìí òwú, Bọ̀dá. Gbogbo ilẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ fi gbìn ín. Ilé-iṣẹ́ á rà á tán."

"Gbogbo ẹ̀? Ṣó o fojú ara ẹ rí i?"

"Mo rí i. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Tójú ẹ bá ti rí i, tèmi náà rí i nìyẹn." Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti tu àgbàdo náà dànù, ó ti gbin òwú dé etí odò.

Ìjọba gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn lóòótọ́. Owó bodè gòkè, aṣọ òkèèrè wọ́n lọ́jà, àwọn òṣìṣẹ́ jó lẹ́nu géètì. Wọ́n ń retí kí àwọn ẹ̀rọ tó dákẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n retí títí òwú fi là lóko. Dípò kí ẹ̀rọ dún, kọ̀ǹténà mẹ́ta ló wọ ọgbà. Lọ́jọ́ kejì, aṣọ tuntun dé orí tábìlì Ojú-ò-tàsé. Òwú pupa wà létí ẹ̀ o, àmọ́ epo ẹ̀rọ kọ́ ló ń rùn bíi tiwọn, káfúrà ló ń rùn. Ó fi itọ́ pa ìka, ó fi ra á létí. Ìka ẹ̀ pọ́n. Wọn ò hun ún, ńṣe ni wọ́n kùn ún.

Ó gbé aṣọ náà, ó di ọ́fíìsì máníjà. Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ jáyà. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé jáde, ó ṣí i sójú ewé kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn tó ní ilé-iṣẹ́ nìkan ni kí ìjọba gbà láyè láti máa kó aṣọ wọlé láìsan owó bodè, títí wọ́n á fi tún ẹ̀rọ wọn ṣe.

"Ìgbà wo lẹ máa tún un ṣe?"

"Tápá bá ká a."

"Òwú àwọn àgbẹ̀ ńkọ́?"

"Kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀rọ tó wà ò ní pẹ́ dákẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá wa, iṣẹ́ tiyín ò ní bọ́. Ẹ kàn máa tẹ òǹtẹ̀ wa lé aṣọ ni." Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ ìwé náà. "Ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ná?"

Ẹ ò rí ayé bí? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Bí wọ́n bá jà á lólè, ara ẹ̀ ì bá gbà á. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi jalè yìí, ọwọ́ ara ẹ̀ ló sì fi kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń mú fóònù tó tún ń gbé e sílẹ̀. Ojú ń tì í láti pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló dé. Lọ́rì kan dúró níwájú géètì, àpò òwú kún un dókè, ẹ̀gbọ́n náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè.

"Wò ó, tiyín ni mo rà," ó ní, ó sì fa ọrùn ẹ̀wù náà. "Mo ní kí télọ̀ fi etí aṣọ yí ọrùn ẹ̀ ká, kí gbogbo ayé lè rí òwú pupa àbúrò mi."

Oòrùn mú, òógùn bò ó. Pupa náà ti bá òógùn sọ̀ kalẹ̀ sí àyà ẹ̀wù, òun ò sì tíì rí i.

"Bọ̀dá, wọn ò ní rà á."

"Wọn ò ní ra kí ni?"

"Òwú yín. Aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn kì í ṣe tiwa. Òkèèrè ni wọ́n ti kó o wá. Ìwé tí mo fọwọ́ sí ni wọ́n fi kó o wọlé."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wo àpò òwú, ó wo géètì, ó wá wo àyà ara ẹ̀. "O ní o rí i."

"Ojú ewé kan ni mo kà, mi ò ka èkejì. Wọ́n tàn mí ni, Bọ̀dá."

"Wọ́n tàn ẹ́." Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Èmi ò mọ máníjà yín. Mi ò mọ ìjọba. Ìwé gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ìwọ nìkan ni mo kà."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a dáadáa, ó nà án sí i.

"Gbà," ó ní. "Yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó wọ iwájú lọ́rì tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, awakọ̀ sì yí orí ọkọ̀ padà. Ojú-ò-tàsé dúró síbẹ̀ títí kò fi rí ọkọ̀ náà mọ́. Fèrè iṣẹ́ dún nínú ọgbà. Ó tú ẹ̀wù náà, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ẹfun jáde, ó fa àmì sí i bó ṣe máa ń fà á sí aṣọ tó ní àbùkù. Àmọ́ kò mọ ẹni tó máa dá a padà fún.