Orin Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà

Bàbá Aláyùn ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà náà. Àlejò á rò pé nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Rárá o, ohùn rẹ̀ ni. Tí ọkùnrin yìí bá dá orin, ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà á dìde, á wá ibòmíràn sùn, láìbínú sí ẹnikẹ́ni.

Òun yìí kan náà ló dá ìjókòó orin Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kọ orin àtijọ́ tí òun bá ń fá pákó, òun á sì máa gbè é. Nígbà tí obìnrin náà kú, ìdákẹ́jẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà le débi pé káfíńtà ń kan ìṣó síbi tí kò nílò ìṣó. Ló bá tọ aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara kanra lọ.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ wá bá mi kọrin."

"Èmi kẹ̀? Ohùn mi ò dáa o."

"Ṣé ó burú tó tèmi?"

Obìnrin náà rò ó dáadáa, ó sì wá àga jókòó.

Bí èrò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé nìyẹn. Kò sí ìwé orin, kò sí olùkọ́. Orí àga tí àwọn oníbàárà kò tíì wá gbé ni wọ́n ń jókòó lé, lẹ́búlẹ́bú pákó á bo bàtà wọn. Oníbàárà kan tiẹ̀ béèrè ìdí tí àga tuntun òun fi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Káfíńtà ní igi gidi ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ orin á dá a, àwọn yòókù á gbè é. Bàbá Aláyùn ló sì máa ń kọ́kọ́ dá tirẹ̀, torí náà ojú kì í ti ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò máa bẹ̀rù àtiṣubú níbi tí baálé ti nà gbalaja sílẹ̀?

Àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan dé. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni, ó gbọ́ orin, ó yà. Nígbà tó dá tirẹ̀, ohùn náà dùn débi pé ajá padà wá. Gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀, wọ́n gbàgbé láti gbè é, wọ́n kàn pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, àtẹ́wọ́ náà ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Aránṣọ pàápàá ò wá.

Káfíńtà lọ bá a nídìí ẹ̀rọ. "Ìyá Aránṣọ, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Ẹni tó lóhùn ti dé. Kí n wá máa dún bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo níwájú rẹ̀?"

"Èmi tí mò ń dún bí ayùn ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó rí i pé ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́sí ti ń padà bọ̀ wá bá òun, orin dídùn ló kàn ń gbà wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún olóhùn pé ohùn rẹ̀ ti dùn jù? Ó pe nọ́ọ̀sì sí kọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ igi, ó dórí ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yìn yín ni àbí orin mi?"

"Ọmọ mi, orin rẹ ni."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Gbogbo ibi tí mo bá ti la ẹnu ni wọ́n ti ń dákẹ́ fún mi. Ohun tó fà mí wọlé síbí ni pé mo gbọ́ tí gbogbo yín ń kọ ọ́ pọ̀. Kò sì dùn rárá."

"A dúpẹ́ o."

"Ẹ jẹ́ kí n máa bá wọn gbè é, Bàbá. Ẹ má fún mi ní dídá mọ́."

Káfíńtà padà sọ́dọ̀ aránṣọ. "Orin ìyàwó mi ni mo fẹ́ dá lọ́sẹ̀ yìí. Tẹ́ ò bá wá, èmi nìkan ni máa dá a, èmi náà ni máa gbè é."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà jẹ àdúgbò. Mò ń bọ̀."

Aránṣọ wá, ó sì fa àwọn yòókù lọ́wọ́ wá. Ó bá nọ́ọ̀sì láàárín àwọn elégbè, ó jókòó tì í. Káfíńtà dìde:

"Ewúrẹ́ mi já, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ…"

Láti ìgbà ikú ìyàwó rẹ̀, kò tíì kọ ọ́ rí. Ó gbé e sókè jù, ohùn sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Aránṣọ ò lè fara dà á.

"Padà wálé o!" Ohùn rẹ̀ dún bí ilẹ̀kùn lóòótọ́.

"Padà wálé o!" ni nọ́ọ̀sì náà wí, gbogbo ilé sì gbà á. Ohùn dídùn rì sáàárín wọn bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni mọ́. Nọ́ọ̀sì ń kọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Káfíńtà rí ohùn rẹ̀ padà, ó dá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí wọ́n parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ajá nìkan ló dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ wá ibòmíràn sùn.