Ìjánu Tí Mo Ṣe sí Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Mi

Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kí o máa kọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́, dúró dè mí.

Ìyá tó bí ọ, n kò pọ̀n ọ́n rí. Nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù kẹjọ, oówo ńlá kan yọ sí mi lẹ́yìn, níbi tí ọ̀já máa ń gbà kọjá gan-an. Wọ́n là á fún mi ní ilé ìwòsàn, mo sì bímọ láyọ̀, ṣùgbọ́n egbò náà kò jinná. Bí aṣọ bá ti fún mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Ọmú mi náà gbẹ, ògì ni ọmọ ń mu. Bàbá rẹ̀ wà ní Gánà níbi tó ti ń ṣòwò. Bí lẹ́tà bá dé, màá fi í sábẹ́ ẹní títí n ó fi rí ẹni tí yóò kà á fún mi, nítorí n kò mọ̀wé. Èmi àti ọmọ náà nìkan la wà nínú yàrá wa ní Ẹdẹ.

Aya tíṣà kan tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ló fún mi ní kẹ̀kẹ́ ọmọ, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí tì kiri, nígbà tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí. Bí mo bá ń tì í lọ, àwọn obìnrin á pè mí:

"Ìyàwó, ẹrù kí lo kó síbẹ̀ yẹn?"

"Ọmọ ni."

"Ọmọ kẹ̀? Ṣé ẹ̀yìn rẹ bá ọkọ rẹ lọ sí Gánà ni?"

Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá délé, n kò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni iwájú ilé wa, ó lọ sísàlẹ̀ títí dé etí odò. Ní ọjọ́ kan, mo ń ti ọmọ bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń wẹ egbò mi, ni mo bá rí ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń bọ̀ láti Alajue níbi tí wọ́n ń gbé, wọ́n ru iṣu. Kí lo rò pé ìyàwó máa ṣe? Mo fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ kú ìrìn."

N kò tíì gbórí sókè tí mo fi gbọ́ igbe wọn. Kẹ̀kẹ́ ti ń lọ. Ìdí igi kan ló lọ gbá, ó ṣubú, ọmọ sì ré sínú koríko. Eékún rẹ̀ nìkan ló bó. Ìyá ọkọ mi ti ju iṣu sílẹ̀, wọ́n ti sáré kọjá mi, wọ́n ti gbé e pọ̀n.

"Ẹ̀yìn tèmi kò ní ẹsẹ̀ tó fi ń sá lọ," ni wọ́n wí. "Ọmọ yìí ń bá mi lọ sí Alajue. Ọjọ́ tí nǹkan yìí bá lè dúró fúnra rẹ̀, ránṣẹ́ pè mí."

N kò jiyàn. N kò lè tẹ̀ lé wọn, nítorí egbò tí wọ́n ń wẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ká ẹní ọmọ, mo tún tẹ́ ẹ padà.

Mo ti kẹ̀kẹ́ náà lọ bá baba kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Wọ́n kan igi kan sí i nísàlẹ̀. "Bí o bá fẹ́ dúró, fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó parí." Mo gbé iṣu méjì sínú rẹ̀ dípò ọmọ, mo ń tì í lọ sílé. Ìyá àgbà kan yọ lójijì. Kí n tó rántí pé mo ní ẹsẹ̀, mo ti wà lórí orúnkún mi, iṣu ti wà nínú gọ́tà.

"Ìyá oníṣu, àwọn ọmọ rẹ mà ti sá lọ o!" ni ìyá àgbà náà wí.

Mo padà. "Bàbá, ìjánu tó bá ní kí n kọ́kọ́ rántí kò wúlò fún mi."

"Má kúnlẹ̀ mọ́ nígbà náà."

"Ṣé ìyàwó tiyín kì í kúnlẹ̀ ni?"

Wọ́n họ orí.

Ọ̀já tí n kò lò rí wà lórí okùn nínú yàrá mi. Mo jókòó, mò ń wò ó. Bí obìnrin bá pọn ọmọ, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ń di ọmọ mú. Ó lè kúnlẹ̀, ó lè gúnyán, ọ̀já kò ní tú. Ìgbà tó bá fẹ́ sọ ọmọ kalẹ̀ ló máa tú u. Mo dìde. Kí ìjánu náà máa di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú nígbà gbogbo, kó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá fẹ́ rìn ni n ó tú u.

Mo lọ sọ ọ́ fún baba náà. Wọ́n gé tíúbù kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló ń fa igi mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Wọ́n fi wáyà so igi náà mọ́ irin kan níbi ìdìmú. Bí mo bá fún irin náà mọ́ ìdìmú, igi á gbéra. Bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, tíúbù á fà á padà. Òjò rọ̀, igi ń yọ̀ lára ẹsẹ̀ tó tutù. A kan èèpo táyà mọ́ ọn. Tíúbù já, a so méjì, kí ọ̀kan lè dì í mú bí èkejì bá já. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbé iṣu lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, màá kúnlẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tí mo ń kí. Ìgbà mìíràn màá bá iṣu sọ̀rọ̀. Má rẹ́rìn-ín, kọ ọ́.

Oṣù kẹta ni mo tó ránṣẹ́. Ìyá ọkọ mi dé, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, ó ti sanra. Wọ́n tú ọ̀já, wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà.

"Ó yá, kí mi bí o ṣe kí mi lọ́jọ́sí."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò mira. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í. Kò lọ. Wọ́n tún fi ìdí tì í, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ó dì í mú! Ó dì í mú ju ẹlòmíràn lọ!"

Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún mi bí wọ́n ti ṣèlérí.

Ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ̀ mí mọ́. Ó nawọ́ tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sunkún. Bí mo bá ń tì í, iwájú ló ń wò, níhà ọ̀nà Alajue, ìpàkọ́ rẹ̀ ni mò ń rí.

Ní ọjọ́ kẹrin mo tú pákó ìjókòó rẹ̀, mo yí i padà kó lè kọjú sí mi. A jáde. Ó ń sunkún, ó ń wò mí bí ẹni tó pàdé àlejò lójú ọ̀nà. Mo jọ̀wọ́ ìdìmú náà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo bí.

"Ẹ káàbọ̀," ni mo wí. "Ẹ kú ìrìn."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn dákẹ́ ẹkún, ó ń wò mí.