Bọ́ọ̀lù Tí Sàfúrátù Mú ní Béoumi

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Koko, ní Bouaké, pé ẹnu Sàfúrátù aránṣọ kì í sinmi. Bàbá rẹ̀, tó ti Gánà dé, ló kọ́ ọ ní kíríkẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kojú àwọn obìnrin Béoumi, Sìdíkátù ẹlẹ́ja ló di igi ìgbábọ́ọ̀lù mú.

Sàfúrátù ké sí i pé, "Ìyá ẹlẹ́ja, igi ìdáná kọ́ nìyẹn o!"

"Lọ ránṣọ ẹ, jọ̀ọ́!"

Wọ́n forí kanrí, àfìgbà tí adájọ́ là wọ́n. Ìgbà tí Sìdíkátù wá gbá bọ́ọ̀lù sókè, Sàfúrátù bẹ́ gìjà, ó mú un. Bí bọ́ọ̀lù kò bá tíì kan ilẹ̀, ẹni tó gbá a ti jáde nìyẹn. Àwọn ará Koko hó yèè. Ṣùgbọ́n Sàfúrátù nìkan ló mọ̀ pé ó ti kan ilẹ̀. Ó nawọ́ sókè, ó sọ fún adájọ́. Sìdíkátù padà sídìí eré, Béoumi sì borí.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ bọ̀ wálé, ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Azeezah, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, yíjú sí i.

"Àǹtí, ẹ̀ bá ti dákẹ́."

"Èmi? Kí n dákẹ́?"

Ni gbogbo ọkọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín.